Gíréèdì Inú Ìwé Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ Ọmú: Ohun Tí Ó Ń Sọ àti Ohun Tí Kò Sọ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ péjọ síbí, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ìlà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ìyẹn ìlà tí wọ́n máa ń kọ "Grade 1", "Grade 2" tàbí "Grade 3" sí nínú ìwé àbájáde tí ilé àyẹ̀wò ń fún obìnrin tí wọ́n bá gé ẹran díẹ̀ lára kókó ọmú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí, n kò rí ìlà mìíràn tó ń dẹ́rù ba ènìyàn tó o, n kò sì rí èyí tí wọ́n ń ṣì lóye tó o. Obìnrin kan a rí 3, a ní àrùn ti dé ìpele kẹta, ó ku ẹyọ kan kí ó parí. Òmíràn a rí 1, a ní kò tíì le, a sì fi ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí di ìgbà tí ọdún bá kọjá. Àwọn méjèèjì ló ka ohun tí kò sí nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Gíréèdì ń sọ irú ẹni tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà jẹ́ àti irú ìwà tí a lè retí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpele ń sọ ibi tí àrùn náà ti rìn dé nínú ara. Máíkírósíkópù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tí ojú lásán kò lè rí di ńlá, la fi ń mọ gíréèdì; bí kókó ọmú ṣe tóbi tó, àwọn kókó kéékèèké abẹ́ abíyá tí ara fi ń gbógun ti àrùn, àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti egungun la fi ń mọ ìpele. Gíréèdì kò ju 3 lọ nínú ìlànà tí à ń lò fún jẹjẹrẹ ọmú, nígbà tí ìpele ń lọ dé 4. Nítorí náà, obìnrin lè wà ní ìpele kìíní kí ó sì ní Gíréèdì 3, òmíràn sì lè wà ní ìpele kẹta pẹ̀lú Gíréèdì 1. Mo máa padà sórí irú obìnrin méjì bẹ́ẹ̀ láìpẹ́.

Báwo la ṣe ń dé ìdí nọ́ńbà yìí? Dókítà yóò fi abẹ́rẹ́ ńlá yọ ẹran tín-ín-rín tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ láti inú kókó náà, tàbí kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kí wọ́n gbé gbogbo kókó náà wá. Inú fọ́málìn, ìyẹn omi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, ni ẹran náà gbọ́dọ̀ bọ́ sí lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ti gbà á dáadáa, a ó fa omi inú rẹ̀ jáde, a ó fi ìda yíyọ́ dí àyè rẹ̀, ìda náà yóò dì, a ó sì fi ẹ̀rọ rẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ tí kò nípọn ju ìdá mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan lọ. Irú pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ kò ní àwọ̀ kankan, ojú ríran kọjá nínú rẹ̀ ni. Aró méjì la ń fi rẹ ẹ́: hẹmatọ́sílìn, tí wọ́n ń rí lára igi kan láti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, tó ń sọ núkílíọ́sì, ìyẹn ọkàn sẹ́ẹ̀lì, di aláwọ̀ aró, àti íósìn, tó ń sọ ìyókù di pupa rẹ́súrẹ́sú. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa gíréèdì, inú àwọ̀ méjì yìí ló wà.

Nǹkan mẹ́ta là ń wá, a sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 3.

Àkọ́kọ́ ni ìtò àwọn sẹ́ẹ̀lì. Nínú ọmú tí kò ní àrùn, àwọn sẹ́ẹ̀lì máa ń tò yí ihò kan ká, ihò tí omi ọmú ń gbà jáde. Jẹjẹrẹ kò bọ́ láti òkèèrè. Sẹ́ẹ̀lì ọmú náà ló yà bàrá, bí a sì ṣe máa ń wo ọmọ tuntun tí a ń sọ pé imú ìyá rẹ̀ ló gbé wá, bẹ́ẹ̀ là ń wò ó bóyá ó ṣì jọ ibi tó ti wá. Bí ó bá ń ṣe irú ihò bẹ́ẹ̀ nínú ohun tó ju ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo kókó náà lọ, máàkì 1 ni. Bí ó bá wà láàárín ìdá 10 sí 75, máàkì 2 ni. Bí kò bá tó ìdá 10, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kàn wọ́ jọ gìdìgbà tàbí tí wọ́n ń rìn kiri lẹ́yọ lẹ́yọ, máàkì 3 ni.

Ìkejì ni ìrísí núkílíọ́sì. Bí gbogbo wọn bá kéré, tí wọ́n dọ́gba, tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti sẹ́ẹ̀lì ọmú tó dá ṣáṣá, wọ́n gba 1. Bí ọ̀kan bá tóbi, tí èkejì rẹ̀ tún tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, tí etí wọn rí págunpàgun, wọ́n gba 3. Ojú ló ń ṣe ìdájọ́ níbí, kò sí rúlà, ìdí sì nìyí tí àwa onímọ̀ àyẹ̀wò fi máa ń jiyàn lórí èyí ju méjì yòókù lọ. Bí mo bá fún máàkì 2, ẹnìkejì mi lè fún un ní 3, kí ó má sì sí ẹni tó purọ́.

Ìkẹta, tó jẹ́ pé lójú tèmi òun ló gba sùúrù jù, ni kíka àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pín sí méjì lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì tó bá fẹ́ pín a kọ́kọ́ sọ awọ tó yí núkílíọ́sì rẹ̀ ká nù. Àwọn okùn àbùdá inú rẹ̀ a ṣú dúdú, wọn a tò sójú kan láàárín, lẹ́yìn náà wọn a fà sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tí kò bá ní sùúrù yóò ka sẹ́ẹ̀lì tó ń kú mọ́ ọn, nítorí sẹ́ẹ̀lì tó ń kú pẹ̀lú máa ń dúdú, ṣùgbọ́n tirẹ̀ a rún pọ̀, ara rẹ̀ a sì pupa jù. Etí kókó náà, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ti ń pín jù, la ti ń kà á, ní ojú ibi mẹ́wàá lábẹ́ gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá jù. Máíkírósíkópù kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ìbú ibi tí ojú ń rí lẹ́ẹ̀kan bá jẹ́ mílímítà 0.50, sẹ́ẹ̀lì 12 tó ń pín yóò gba máàkì 2. Bí ìbú náà bá jẹ́ mílímítà 0.40 péré, 12 yẹn kan náà yóò gba máàkì 3, nítorí inú àyè tó kéré ni wọ́n ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ilé àyẹ̀wò tí kò bá tíì wọn máíkírósíkópù tirẹ̀ rí kò mọ irú máàkì tó ń fún ènìyàn.

A ó wá ro máàkì mẹ́ta náà pọ̀. Àpapọ̀ 3 dé 5 ni Gíréèdì 1. 6 àti 7 ni Gíréèdì 2. 8 àti 9 ni Gíréèdì 3. Ìlànà tí à ń pè ní ti Nottingham nìyí. Kò ṣàdédé ti ibì kan bọ́. Ní ọdún 1928, Patey àti Scarff ní London kọ̀wé pé ìrísí sẹ́ẹ̀lì lè sọ bí aláìsàn yóò ṣe pẹ́ tó láyé. Ní 1957, Bloom àti Richardson sọ ọ́ di ohun tí a ń fún ní máàkì. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí Ilé Ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ní 1991, Elston àti Ellis ní ìlú Nottingham fi ìdá àti òǹkà pàtó sí i, kí ẹni tó wà ní Ìbàdàn àti ẹni tó wà ní Birmingham lè máa sọ ohun kan náà. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, "ó le" àti "kò le" ni ọ̀pọ̀ dókítà ń kọ, oníkálukú sì ní ohun tó ń pè ní líle.

Ohun kan tó yẹ kí ẹ béèrè fún ni àwọn máàkì mẹ́ta náà fúnra wọn, yàtọ̀ sí àpapọ̀. "Grade 2" lásán kò tó. Ẹ wo ìwé tí wọ́n kọ 3+2+1=6 sí, ẹ tún wo èyí tí wọ́n kọ 2+2+3=7 sí. Gíréèdì 2 ni méjèèjì, ṣùgbọ́n èkíní ń pín díẹ̀díẹ̀, èkejì ń pín kíákíá. Irú jẹjẹrẹ ọmú kan tún wà tí wọ́n ń kọ "lobular" sí ìwé rẹ̀, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa ń tò lẹ́yọ lẹ́yọ tẹ̀lé ara wọn. Nítorí pé kì í ṣe ihò rárá, ó ti gba máàkì 3 lórí ìtò kí a tó wo ohun mìíràn, bẹ́ẹ̀ sì ni núkílíọ́sì rẹ̀ sábà máa ń kéré, tí kì í sì í pín púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń bọ́ sí Gíréèdì 2. Àwọn tó ní irú Gíréèdì 2 yìí pọ̀, òun náà ló sì ń dá dókítà lágara jù, nítorí kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, wọ́n lè tún kókó irú obìnrin bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò fún àbùdá, bí irú àyẹ̀wò Oncotype DX tó ń wo àbùdá 21, láti mọ̀ bóyá kẹ́mò, ìyẹn oògùn líle tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, yóò ṣe é láǹfààní. Owó rẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sórí obìnrin méjì tí mo ṣèlérí. Mo kàn dá wọn sílẹ̀ fún àpẹẹrẹ ni. Kókó ọmú ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1.5, kò sí jẹjẹrẹ nínú kókó abẹ́ abíyá rẹ̀, kò sì tàn lọ síbòmíràn. Gíréèdì 3 ni. Kókó ọmú ẹnìkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7, jẹjẹrẹ ti wọ márùn-ún nínú àwọn kókó abẹ́ abíyá rẹ̀. Gíréèdì 1 ni. Ìpele kìíní ni ti àkọ́kọ́, ìpele kẹta ni ti èkejì. Àwọn ará Nottingham yìí kan náà ní ìṣirò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1982: ẹ fi 0.2 sọ ìwọ̀n kókó náà ní sẹ̀ǹtímítà di púpọ̀, ẹ fi máàkì abíyá kún un (1 bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, 2 bí ó bá jẹ́ kókó kan sí mẹ́ta, 3 bí ó bá tó mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ), kí ẹ wá fi gíréèdì kún un. Ti ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ 0.3 àti 1 àti 3, àpapọ̀ rẹ̀ 4.3. Ti ẹnìkejì jẹ́ 1.4 àti 3 àti 1, àpapọ̀ rẹ̀ 5.4. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Ẹni tó ní Gíréèdì 3 ló sàn jù nínú àwọn méjèèjì, nítorí pé ó tètè wá. Ìṣirò yìí ti dàgbà, kò mọ nǹkan kan nípa àwọn oògùn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó jẹ́ kí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí i pé gíréèdì jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta péré.

Lónìí, nǹkan mẹ́ta mìíràn ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà: ER, PR àti HER2. Méjì àkọ́kọ́ ń sọ bóyá omi-ìsúnniṣe obìnrin, ìyẹn ẹ́sítírójìn àti projẹ́sítírónì, ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà, kí a lè fi oògùn bíi tamoxifen gé oúnjẹ rẹ̀. Bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà bá ti gba aró ER, a ó kọ ọ́ pé ó wà. HER2 jẹ́ purotéènì kan lára sẹ́ẹ̀lì; ó ń sọ bóyá oògùn trastuzumab lè ṣiṣẹ́ fún un. Máàkì rẹ̀ ń lọ láti 0 dé 3+, bí ó bá sì jẹ́ 2+, ọ̀rọ̀ kò tíì parí, àyẹ̀wò mìíràn ṣì kù láti ṣe. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ìlànà ìpele ti Amẹ́ríkà ti ń fi gíréèdì àti àwọn mẹ́ta yìí ṣírò ìpele náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n kókó àti abíyá. Ẹni tí ó bá ka ìwé àtijọ́ àti ìwé tuntun lè rí obìnrin kan náà ní ìpele méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èyí kàn wá ní Nàìjíríà gan-an. Àjọ tó ń ka jẹjẹrẹ káàkiri ayé fojú bù ú pé ó lé ní 32,000 obìnrin tí wọ́n rí jẹjẹrẹ ọmú lára wọn ní Nàìjíríà ní ọdún 2022, àti pé ó lé ní 16,000 tó kú nínú ọdún náà. Púpọ̀ nínú àwọn tí à ń rí kò tíì pé ẹni 50 ọdún, Gíréèdì 3 pọ̀ láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni irú tí ER, PR àti HER2 kò sí lára rẹ̀ rárá, èyí tó máa ń bá Gíréèdì 3 rìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tó kọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kí ó tó lọ sí Chicago, ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣiṣẹ́ pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, títí kan àbùdá BRCA1 àti BRCA2, tí ìbàjẹ́ wọn lè ti ọ̀dọ̀ òbí wá kí ó sì fa jẹjẹrẹ ọmú. Àmọ́ n kò fara mọ́ àwọn tó ń fi èyí sọ pé ẹ̀jẹ̀ wa ló burú. Kókó tí obìnrin ti fọwọ́ kàn láti oṣù Kejì, tí wọ́n fi ìpara pa títí di oṣù Kẹwàá, tí wọ́n ní oògùn kòkòrò ni kí ó lò, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Gíréèdì 3 ń sáré; àwa ni a ń bá a fi àyè sílẹ̀.

Apá kan sì wà tí Gíréèdì 3 fi dára díẹ̀, tí wọn kì í sábà sọ fún aláìsàn. Kẹ́mò máa ń mú sẹ́ẹ̀lì tó ń pín kíákíá ju èyí tó ń falẹ̀ lọ. Àwọn kan nínú àwọn obìnrin tí wọ́n gba kẹ́mò ṣáájú iṣẹ́ abẹ, tí a sì wá wo ọmú wọn lẹ́yìn náà, a kò rí ẹyọ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan níbẹ̀ mọ́, Gíréèdì 3 ló sì pọ̀ jù láàárín wọn.

Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú iṣẹ́ yìí kò tiẹ̀ sí lábẹ́ máíkírósíkópù. Wọ́n á gé ẹran tán, wọ́n á kó o fún ọkọ tàbí àbúrò aláìsàn pé kí ó gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò ní apá kejì ìlú. Mo ti rí i nínú ike kékeré tí omi lásán wà nínú rẹ̀, tí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára ti ń ṣí, tí ẹni tó gbé e wá sì ti fi mọ́tò mẹ́ta dé ọ̀dọ̀ wa nínú oòrùn. Ẹran tí kò bá bọ́ sínú fọ́málìn láàárín wákàtí kan ti ń bàjẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pín á dín kù, gíréèdì á wálẹ̀ láìjẹ́ pé àrùn wálẹ̀. ER tó wà níbẹ̀ lè má gba aró, wọ́n á sì kọ ọ́ pé kò sí, obìnrin náà á sì pàdánù oògùn tí ì bá ràn án lọ́wọ́. Fọ́málìn ìdá 10 tí wọ́n ti pèsè dáadáa ló yẹ, kí ó pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà, kí ó sì wà nínú rẹ̀ láti wákàtí 6 sí 72. Bí ó bá jẹ́ odindi ọmú ni wọ́n gé, wọ́n gbọ́dọ̀ là á kí fọ́málìn lè wọ àárín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín láti béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé fọ́málìn ló wà nínú ike yìí?"

Mo ti gba ìbéèrè díẹ̀ lórí ìwé. Ẹnìkan béèrè bóyá Gíréèdì 1 lè di 3 bí ènìyàn bá dúró. Ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ọ̀nà tí jẹjẹrẹ bá gbà bẹ̀rẹ̀ náà ló ń tọ̀. Àbùdá Gíréèdì 1 àti ti Gíréèdì 3 ti yàtọ̀ síra láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìpele ló máa ń gòkè nígbà tí ènìyàn bá ń dúró, ó sì ń gòkè fún Gíréèdì 1 pẹ̀lú.

Ẹlòmíràn béèrè pé ìwé abẹ́rẹ́ sọ Gíréèdì 2, ìwé iṣẹ́ abẹ sọ 3, èwo ni kí òun gbà? Ti iṣẹ́ abẹ ni, bí kò bá tíì gba kẹ́mò ṣáájú, nítorí ẹran abẹ́rẹ́ kéré, ó sì lè má kan ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń pín jù. Bí ó bá ti gba kẹ́mò ṣáájú, ti abẹ́rẹ́ ni dókítà yóò dì mú, nítorí kẹ́mò ti yí ìrísí ohun tó ṣẹ́kù padà. Ẹni tó béèrè nípa àgbo, mo dá a lóhùn pé n kò tíì rí àgbo tí ẹnikẹ́ni fi hàn pé ó ń yí gíréèdì padà. Bí ẹ bá sì ń mu ún, ẹ sọ fún dókítà kẹ́mò yín, nítorí àwọn kan lè bá oògùn náà jà nínú ẹ̀dọ̀.

Ìbéèrè kan tún wà nípa "DCIS", tí wọ́n kọ "high grade" sí. Jẹjẹrẹ tí kò tíì já kúrò nínú ọ̀nà omi ọmú ni, ìpele 0 ló wà, gíréèdì tirẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti Nottingham: núkílíọ́sì la ń wò jù nínú rẹ̀, a kì í ro máàkì mẹ́ta pọ̀. Ẹ má ṣe gbé e sórí òṣùwọ̀n tí mo ṣàlàyé yìí.

Èyí tó kẹ́yìn wá láti ọwọ́ ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, tó ń béèrè bóyá wọ́n máa tún gé ẹran lára rẹ̀. Kò di dandan. Ìda tí a fi ẹran náà sínú rẹ̀ ṣì wà ní ilé àyẹ̀wò àkọ́kọ́, a máa ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì lè rẹ́ pẹlẹbẹ tuntun lára rẹ̀ nígbàkigbà. Ìyá, ẹ lọ béèrè fún ìda náà àti gíláàsì rẹ̀, kí wọ́n fi nọ́ńbà ilé àyẹ̀wò sí i lára, kí ẹ sì buwọ́ lùwé pé ẹ gbà á; fọ́tòkópì ìwé àbájáde nìkan kò ní jẹ́ kí dókítà tuntun fi ojú ara rẹ̀ ka máàkì náà.